Bátìrì Mẹ́rìnlélógún fún Ilé Yìnyín Ẹ̀pẹ́

Ilé Yìnyín Sàlímọ́nù,
Ẹ̀yìn Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2000.

Hàbíbà Àdùkẹ́, ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí òtútù ìlú yẹn rí ọ gbé ṣe. Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá ò ń jẹun. Mo ní ẹni tó kó irin àti bátìrì kún inú ọkọ̀ ojú omi láti Dẹ́ńmáàkì wá sí Èkó kò lè gbàgbé ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, àmọ́ o mọ Fàósátù. Jọ̀wọ́, dá a lóhùn, kí n ráyè sinmi nínú ilé mi.

Ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná tí o fi ránṣẹ́ ń yí o! Ó ń yí tọ̀sán-tòru. Bísíríyù, ọmọ riwáyà tó ń tún iná ṣe ní àdúgbò Benson, tí ẹ jọ kọ́ iṣẹ́ iná n'Ìkòròdú, ló so gbogbo wáyà rẹ̀. Àwọn ará ọjà ń pè é ní Fáànù Sàlímọ́nù. Àwọn kan ń bi mí bóyá èmi ni mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo Ẹ̀pẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n wá san owó atẹ́gùn. Láti ìgbà tí a ti gbé e dúró ni atẹ́gùn ọ̀sà kò ti sinmi. Bátìrì ń kún kí n tó jí, yìnyín ń dì, ẹja àwọn obìnrin ọjà le gbagidi. Lemọ́mù gbàdúrà fún ọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Àbúdù, Bàbá Ìtamaga n'Ìkòròdú, ní orúkọ rẹ kì í kúrò lẹ́nu àwọn.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nìyí: mo gbọ́ ládánì. Láti ọdún gbọọrọ tí mo ti ń jókòó ti jẹnẹrétọ̀, ojú ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n ti pe ìrun. Bí mo bá ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń gbé kẹ́tù àlùwàlá, mo mọ̀ pé ó ti tó àkókò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé yìnyín, ohùn ládánì wọ etí ọ̀tún mi, mo gbọ́ ọ ketekete. Mo sunkún, Hàbíbà. Má sọ fún ìyá rẹ. Dókítà Ìkòròdú tí o ní kí n lọ rí sọ pé ti òsì ti lọ pátápátá, àmọ́ bí mo bá lè kúrò nídìí ariwo, ọ̀tún yóò kù sí mi lọ́wọ́. Ó ní bí mo bá tún padà síbẹ̀, kí n má retí nǹkan kan mọ́.

Nítorí náà, mo ti ta jẹnẹrétọ̀. Mo mọ̀ pé o ní kí n tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Ojú mi kò fẹ́ rí i mọ́ ni. Ọkùnrin kan láti Ejìnrìn ló gbé e lọ, mo sì bá a tì í jáde pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Má pè mí sí tẹlifóònù ilé pósítù mọ́. Lọ́jọ́ tí o pè yẹn, n kò gbọ́ ju kín-ín-kín-ín lọ, mo kàn ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" kí ojú má baà tì mí lójú àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé ni kí o máa kọ, kí o sì máa kọ ọ́ déédéé. O ti fẹ́ di òyìnbó mọ́ wa lọ́wọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Sàlímọ́nù.


Aalborg, Dẹ́ńmáàkì.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2000.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, mo kí Ìyá mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Ọ̀dùnkún ni àwọn ará ibí ń jẹ láràárọ̀ lálaalẹ́, mo sì ti ń sanra, kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Mo dé ibi tí ẹ ti gbọ́ ládánì, mo ní láti gbé ìwé náà sílẹ̀. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo làálàá yìí nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá àgbẹ̀ ará ibí tó ni ẹ̀rọ yẹn tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ní òun fẹ́ wó o lulẹ̀ kí òun gbé tuntun síbẹ̀, etí yín ni mo kọ́kọ́ rò.

Àmọ́ Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ta jẹnẹrétọ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ yín. Mo ní kí ẹ dúró kí ọyẹ́ kan kọjá lórí wa ná. Ẹ kò dúró. Inú mi kò dùn sí i rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Ẹ wo àmù tí Ìyá gbé sí ìdí ọ̀ṣọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Òjò ni fáànù yín, àmù ni bátìrì. Nígbà òjò, àmù kan ṣoṣo ti pọ̀ jù, omi ń dà nù lẹ́nu rẹ̀, èèyàn á ní kí ni wọ́n ń fi àmù ńlá ṣe. Ìgbà tí òjò bá lọ tán la tó ń mọ̀ bóyá ó tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn. Mo gba àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ l'Ékòó, mo wá ibi tí atẹ́gùn ti dákẹ́ pẹ́ jù. Nígbà ọyẹ́ ni. Ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kí fáànù má yí rárá. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo fi pinnu bí bátìrì yóò ṣe pọ̀ tó, mo sì tún fi kún un, torí bátìrì tí a bá ń fà kọjá ìdajì kì í pẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo fi ránṣẹ́ yóò gbé ilé yìnyín fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí atẹ́gùn. Ìlérí mi nìyẹn.

Ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá kú, ẹ máa wo abẹ́rẹ́ géèjì tó wà lára ògiri, tó ń sọ bí iná ṣe kù tó nínú bátìrì, ẹ kọ ibi tó bá wà ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó yẹ kí ó ṣì jìnnà sí ibi pupa dáadáa. Ẹ má gbàgbé o.

Ọmọ yín,
Hàbíbà.


Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2000.

Hàbíbà,

Ìyá rẹ kí ọ. Ìkíni kò pọ̀ lẹ́nu tèmi lónìí.

O ní kí n wo géèjì, mo wò ó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, atẹ́gùn dákẹ́. Fáànù dúró gbagidi, kò mira. Mo ní kò sí wàhálà, ọmọ mi ti ka ọjọ́ mẹ́rin fún mi. Mo tilẹ̀ ń ṣe fọ́ńté lójú àwọn obìnrin ọjà, mo ní kí wọ́n lọ sùn. Lọ́jọ́ Túsìdeè, kí a tó kírun Àílà, abẹ́rẹ́ ti wọ ibi pupa. Ẹ̀rọ yìnyín kérora lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Hàbíbà, ọjọ́ kan àti díẹ̀! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ka mẹ́rin nílùú òyìnbó nìyẹn?

Alájà Ṣùkúrátù wá gbé ọ̀bọ̀kún rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka rì wọlé. Ó wo ẹja, ó wo fáànù, ó wò mí. Ó ní, "Sàlímọ́nù, ṣé kí n fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i ni?" Gbogbo ìsọ̀ ló rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìtìjú fẹ́ pa mí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé atẹ́gùn padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja náà ì bá lọ sínú ọ̀sà.

Ààwẹ̀ ń bọ̀. O mọ bí ọjà wa ṣe máa ń rí nígbà ààwẹ̀. Àwọn tó fẹ́ yìnyín fún ìṣínu ń bọ̀, àwọn obìnrin ń kó ẹja ọdún jọ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀la ọdún, ọ̀dọ̀ mi sì ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí ẹja ọdún bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbé ẹyọ ẹ̀pìyà kan wá sílé yìí mọ́. Ilé yìnyín yìí la fi tọ́ ọ, òun ni èmi àti ìyá rẹ ń jẹ.

Ṣé ìṣírò yìí dá ọ lójú? Sọ òótọ́ fún mi. Bí o bá ṣì í, sọ pé o ṣì í.

Bàbá rẹ.


Aalborg.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 2000.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí Ìyá mi kú àmójúbà oṣù tuntun.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, oorun mi ti dàrú. Mo da gbogbo ìṣírò sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mú un lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò níbi gbogbo, ó ní kò sí àléébù. Bátìrì mẹ́rìnlélógún, ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo ṣe ṣe é, bí mo ṣe yí i, ohun kan náà ló ń jáde.

Bàbá, iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi gba oyè mi ní oṣù kìíní. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́ n'Ẹ̀pẹ́, mo lẹ fọ́tò fáànù mọ́ ọn, ẹ̀yin lẹ dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà yín. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í, màá lọ jẹ́wọ́ fún wọn kí ọjọ́ tó pé. Mo ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkàn mi, ojú sì ti ń tì mí láti ìsinsìnyí.

Àmọ́ kí n tó lọ, ẹ bá mi ṣe ohun kan. Ẹ wọ ibi tí bátìrì wà. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ ka wọ́n, ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, Bísíríyù sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ mo mọ bí bátìrì ṣe ń tà wàràwàrà n'Ìtamaga. Ẹ wò ó bóyá ó ti gbé tiwa, kó fi ògbólógbòó dípò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì yá jẹnẹrétọ̀ kan síbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Kí ó kàn wà nílẹ̀. Ṣé nǹkan kan wà tí ẹ kò sọ fún mi?

Ọmọ yín,
Hàbíbà.


Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 2000.

Hàbíbà,

Ọ̀la ni a ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ìbínú wọ inú rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí lónìí. Ọmọ Alájà Ṣùkúrátù ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun ni mo fi rán kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ta ló sọ fún ọ pé Bísíríyù ń jalè? Ọmọ tó gun òpó irin yẹn nínú òjò nítorí rẹ! Mo ka bátìrì bí o ṣe ní kí n kà á. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjìlá ni. Méjèèjìlá ló pé, méjèèjìlá ló dára. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ.

Méjìlá yòókù kò sọnù. Mẹ́jọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi n'Ìtamaga, mẹ́rin wà ní mọ́sálásí fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àbí kí lo rò? Kí ẹrù òkè òkun wọlé, kí n tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí n dá a jẹ? Orí ilẹ̀ bàbá wa ni òpó fáànù yẹn dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi, àwọn ló fẹ́ ìyá rẹ fún mi. Lọ́jọ́ tí ẹrù náà dé, tí mo ka mẹ́rìnlélógún, mo pe ìyá rẹ, mo ní, "Fàósátù, wá wo ọmọ rẹ, ó ti ka ti Bàbá Ìtamaga mọ́ ọn." Orí mi wú. Torí méjìlá ló ń ṣe iṣẹ́ náà, Hàbíbà. Gbogbo oṣù kẹjọ, gbogbo oṣù kẹsàn-án, méjìlá ló gbé ilé yìnyín, abẹ́rẹ́ kò kúrò ní òkè. Kí ni ǹ bá máa fi ìyókù ṣe, kí n máa wò ó? Bísíríyù kùn díẹ̀, ó ní kí a kọ́kọ́ bi ọ́. Mo ní kó panu mọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà.

Ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbádùn tiwọn dáadáa. Wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ń tan fáànù orí àjà. Wọn kì í pa á o, àfi bí bátìrì bá gbẹ tán tí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kú. Ó dìgbà tí NẸ́PÀ bá rántí mú iná wá kí wọ́n tó tún rí i tàn. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ni wọ́n ń sọ fún pé, "Hàbíbà ọmọ Sàlímọ́nù ló fi èyí ránṣẹ́ sí mi."

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀, má dá a sílẹ̀ mọ́. O mọ ohun tí dókítà sọ. Màá máa wojú Ọlọ́run títí atẹ́gùn yóò fi padà.

Bàbá rẹ.


Aalborg.
Ọjọ́ keje, oṣù kejìlá, ọdún 2000.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Mo kí Ìyá.

Ẹ gbà á padà.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dún lẹ́nu ọmọ. Ẹ bá mi wí nígbà tí mo bá délé. Àmọ́ ẹ gbà á padà, Bàbá, kí ọyẹ́ tó dé. Àwọn méjìlá tí ẹ rò pé wọ́n jókòó lásán, wọn kò jókòó lásán. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kún, kí wọ́n sì máa dúró títí di ọjọ́ tí atẹ́gùn yóò kú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rà wọ́n fún nìyẹn. Ẹ̀yin kó wọn jáde nígbà òjò, ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí omi kò tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Oṣù kan gbáko ni mo fi ń pe ara mi ní òpè. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń pe Bísíríyù ní olè. Èmi tí mo kàn ń ka ọjọ́ atẹ́gùn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé mo ní láti ka ẹ̀gbọ́n bàbá mi?

Ẹ fi ti mọ́sálásí sílẹ̀. N kò lè ní kí ẹ lọ yọ nǹkan nílé Ọlọ́run nínú ààwẹ̀. Ti Bàbá Ìtamaga ni kí ẹ gbà. Pẹ̀lú mẹ́jọ yẹn, ẹ ó lè dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ó lé díẹ̀, bóyá Ọlọ́run yóò bá wa fi ìyókù jì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí Bísíríyù so wọ́n mọ́ tiwa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má fi falẹ̀ rárá. Mo ń fi lẹ́tà yìí sínú pósítù oníkíákíá, ó máa dé láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ sọ fún Bàbá Ìtamaga pé màá ra tuntun fún wọn. Inú ń bí mi, mo sì nífẹ̀ẹ́ yín.

Hàbíbà.


Aalborg.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, ọdún 2000.

Bàbá mi,

Ẹ má so wọ́n pọ̀. Bí ẹ kò bá ka ohun mìíràn nínú lẹ́tà yìí, ẹ ka ìyẹn. Ẹ má so ti Bàbá Ìtamaga mọ́ tiwa.

Ìbínú ni mo fi ka lẹ́tà yín níjọ́sí, n kò kà á dáadáa. Àárọ̀ yìí ni mo tún un kà, mo wá rí ibi tí ẹ ti ní wọn kì í pa á àfi bó bá gbẹ tán.  Bátìrì tí wọ́n bá ń fà gbẹ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin ti bàjẹ́ nínú, bí ó tilẹ̀ ń dán lóde. Ẹ tún wo àmù Ìyá. Bí ẹ bá gbé èyí tó ń jò ti èyí tó dára, tí ẹ sì fi rọ́bà so ìdí méjèèjì pọ̀, èyí tó ń jò ni yóò mu èyí tó dára gbẹ. Bí wọ́n bá wà lórí wáyà kan náà, wọn yóò pa méjìlá yín.

Bí ẹ bá ti gbà wọ́n, kí Bísíríyù tọ́jú wọn lọ́tọ̀, kí ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mélòó kan. Bí àyè kò bá sí, ẹ fi méjìlá yín sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ dín ẹja kù, ẹ bẹ àwọn obìnrin. Bí ó bá di dandan, ẹ yá jẹnẹrétọ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn nìkan, kí ẹ sì fi òwú dí etí.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe ilé tẹlifóònù Ẹ̀pẹ́, kò wọlé. Kọ́láwọlé, ọmọ àdúgbò Benson n'Ìkòròdú tí a jọ wà ní yunifásítì níbí, ń wọ bàálù bọ̀ wálé lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó yá ju pósítù lọ. Ó búra fún mi pé Ẹ̀pẹ́ ni òun yóò kọ́kọ́ yà kí òun tó lọ rí ìyá òun.

Ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Hàbíbà.


Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún 2000.

Hàbíbà Àdùkẹ́, ọmọ mi,

Ọdún ti lọ. Kí Ọlọ́run fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe tiwa. Ìyá rẹ wà, ó kí ọ, ara mi náà le. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Lẹ́tà tí o ti ní kí n gbà á padà dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlógún. Mo bú ọ, mo tún un kà, mo sì gbà pé òótọ́ lo sọ. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bísíríyù gba Ìtamaga lọ pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi bàbá arúgbó, ní gbangba pálọ̀, lójú àwọn àlejò. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Wọn kò bú mi. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n ní, "Ẹ gbé e. Mo ṣe bí Hàbíbà ló rántí mi ni."  Mo sọ fún wọn pé o máa ra tuntun, wọ́n ní kí n kí ọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, a fẹ́ so wọ́n. Bísíríyù ní kí n fún òun láyè kí òun yẹ̀ wọ́n wò ná, torí òun kò mọ bí wọ́n ṣe lò wọ́n. Mo fa lẹ́tà rẹ yọ, mo ka ibi tí o ti ní kí a má fi falẹ̀. Ó so wọ́n. Abẹ́rẹ́ fò sókè, mo pariwo Àlùhámúdùlílà. Ilé yìnyín kún dé ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn, ẹja ọdún gbogbo ọjà ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọyẹ́ dé, atẹ́gùn sì kú. Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́ dáadáa, iná ti lọ. Kò tilẹ̀ tó ti oṣù kẹwàá. Bísíríyù ń sáré láti ìdí bátìrì kan sí òmíràn, ó ní àwọn tó ti kú ń fa àwọn alààyè, ó já wáyà, ó tún un so, ó ti bọ́. Ó sáré kiri gbogbo Ẹ̀pẹ́ wá jẹnẹrétọ̀ yíyá, kò rí. Gbogbo èyí tó wà nílùú ni wọ́n ti gbà fún ọdún. Fáànù dúró níbẹ̀ títí di ọjọ́ ọdún gan-an. Lọ́jọ́ Túsìdeè, àwọn obìnrin wá kó ẹja wọn. Mo ti rò pé Alájà Ṣùkúrátù yóò pariwo mọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní kí n bá òun wá báàfù òun, ó gbé e, ó lọ. Òórùn yẹn kò tíì kúrò nínú aṣọ mi. Nígbà tí a lọ sí Yídì, ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, a kò lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí.

Ọjọ́ kejì ọdún ni Kọ́láwọlé dé. Ó wọ aṣọ tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará Benson kò jẹ́ kí òun ráyè jáde láti ọjọ́ tí òun ti dé, òun sì ṣe bí lẹ́tà ìkíni ọdún ni. Mo já a. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí ni "Ẹ má so wọ́n pọ̀." Mo kà á lórí ìdúró, mo ká a, mo fún ọmọ náà ní ẹran ọdún kó jẹ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

N kò kọ èyí láti dá ọ lẹ́bi. Èmi ni mo pín in, ìwọ lo ní kí n gbà á, òun ló jókòó sí Benson. Ta ni n ó dì mú nínú wa? Má lọ sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ pé ìṣírò rẹ kò tọ́. Ó tọ́, Bísíríyù ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmọ́ bí o bá tún fẹ́ ka bátìrì fún ẹnikẹ́ni n'ílẹ̀ wa, kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́, kí o sì ka tirẹ̀ mọ́ ọn láti Dẹ́ńmáàkì.

Mo lọ bẹ àwọn obìnrin náà nílé wọn, láti ilé dé ilé. Àwọn kan ti gbà láti padà. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, àmọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ ni àwọn fẹ́ máa gbọ́ láti ìsọ̀ àwọn kí ọkàn àwọn tó lè balẹ̀. Nítorí náà, mo ti mú òmíràn wá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, torí kò sẹ́ni tí yóò máa ṣọ́ ọ bí kò ṣe èmi. Fáànù rẹ ṣì wà lókè, atẹ́gùn ti padà láti ọjọ́ ọdún, ó ń yí. Lọ́sàn-án yìí, mo gbójú sókè, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń gbé kẹ́tù, mo mọ̀ pé wọ́n ti pe Àílà.

Bí o bá ń bọ̀ wálé, má ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà kí o máa pè mí. Wọlé tààrà, kí o fi ọwọ́ kàn mí.

Bàbá rẹ,
Sàlímọ́nù.